Ọdún Tí Mo Fi Ṣe Orin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí mo padà sí Òmù-Àrán pẹ̀lú àpò aṣọ méjì àti láptọ́ọ̀pù kan tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Òjò ọdún náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mọ́tò tí mo wọ̀ láti Ìlọrin já mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ọlọ́kadà kan sì gbé èmi àti ẹrù mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Yàrá iwájú, níbi tí a ti máa ń gba àlejò tẹ́lẹ̀, ni wọ́n tẹ́ ibùsùn bàbá mi sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rí mi, ó mọ̀ mí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ mi.

Àwa méjì péré ni bàbá mi bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, níbẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé. Ìyá wa ti kú tipẹ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó lọ́kọ sí Èsìẹ́, tí gbogbo wa sì ń pè ní Ìyá Èsìẹ́, ló ti wà lọ́dọ̀ bàbá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn ní Ìlọrin. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì wà nílé tí kò rí ẹni bá a wò. Bí mo ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, ó dì mọ́ mi, ó yíjú sí àwọn aládùúgbò tó wá kí wa, ó sì sọ fún wọn pé ọmọ yìí ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó nítorí bàbá rẹ̀.

N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè yé e pé ẹni tó níṣẹ́ l'Ékòó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wálé. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ló fi èmi sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tí mo ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà kó wa jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn ń ti ẹ̀ka tiwa pa, wọ́n sì ní kí a máa lọ. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìgbà tí mo bá rí òmíràn ni n ó tó sọ ọ́, tí n ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí n tó rí òmíràn ni wọ́n pè mí pé bàbá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ń gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi. Mo lè sọ fún wọn níbẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kàn wo ilẹ̀, mo ń ṣe "àmín, àmín". Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tó wà nílé kò kéré, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo jókòó lásán. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo ń fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì ń to àwọn oògùn rẹ̀. Mo tún ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti jẹun ọ̀sán tán, oorun máa ń gbé e lọ títí tí wọn yóò fi pe ìrun Àlàásárì. Ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ìpè tí mo fẹ́ dáhùn, kò sí ọ̀gá tó ń wo aago. Nínú irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo ṣí ètò orin kan tí akẹgbẹ́ mi l'Ékòó ti fi sínú láptọ́ọ̀pù mi nígbà kan, tó ní kí n máa fi ṣeré. N kò ṣí i rí láti ọjọ́ tó ti fi í síbẹ̀.

N kò mọ ohun èlò orin kankan í lò. Nílé kéú, ohùn mi wà lára àwọn tí àfáà máa ń ní kí wọ́n rọra. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò béèrè ohùn lọ́wọ́ mi. Èèyàn lè mú ìró ohunkóhun, kó gé e, kó fà á gùn, kó yí i padà, kó sì tò ó bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù títí tí yóò fi di orin. Mo wo àwọn fídíò tí àwọn èèyàn fi ń kọ́ni lórí fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀. Orin mi àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá kó sílé ìdáná tó da gbogbo ìkòkò lulẹ̀. Gbogbo ìró tí mo rí ni mo kó sínú rẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé aládùúgbò wa, fèrè ọ̀kadà, omi tó ń já sínú garawa, ìlẹ̀kùn yàrá tí kò ní òróró. Mo gbọ́ ọ tán, ẹ̀rín pa mí, mo sì rò lọ́kàn ara mi pé irú rẹ̀ kò sí láyé rí. Kí oṣù náà tó parí mo ti yan orúkọ tí n ó máa jẹ́ lórí ìtàgé. Mo tiẹ̀ ti ń ronú irú aṣọ tí n ó wọ̀ nígbà tí wọ́n bá pè mí sókè òkun.

Wọn kò pè mí síbì kankan. Ìwọ̀nba àwọn tó gbọ́ orin náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í pọ̀ ju àwọn tó lè kún inú mọ́tò Ìlọrin kan lọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ kò dé bá mi rí, kì í ṣe nílé ìwé, kì í ṣe l'Ékòó, kì í ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù. Láàárọ̀, bí mo ṣe ń fọ aṣọ ibùsùn bàbá, ìlù kan á ti máa lọ lórí mi. N ó máa yára ṣe oúnjẹ ọ̀sán kí ó lè jẹun kó sì sùn. Nígbà mìíràn, tí oorun rẹ̀ bá pẹ́, inú mi á tún dùn sí i. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́jọ́. Bàbá mi wà lórí ibùsùn tí kò lè béèrè omi, èmi sì ń gbàdúrà kó má tíì jí.

Tí mo bá jáde lọ ra nǹkan, àwọn èèyàn á dúró kí mi. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o." Wọ́n á ní Ọlọ́run rí mi. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà l'Ékòó àti l'Ábùjá á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á sọ pé ó wu àwọn kí ọmọ àwọn ní irú ọkàn tí mo ní. N ó máa dúpẹ́, n ó sì yára kúrò lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé ohun tó wà lórí mi nígbà yẹn gan-an ni bí n ó ṣe gé ìró kan kúrò lára orin tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Iṣẹ́ gígé yẹn ni ẹ̀kọ́ tí ọdún náà kọ́ mi jù. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń da ara mi láàmú pé orin mi kò dùn, mo sì ń fi ìró lé ìró. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ìlù kan, ohùn omi kan, àti àlàfo gbọọrọ láàárín wọn, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo rí i pé àlàfo náà wà lára orin, pé ibi tí n kò fi nǹkan sí jẹ́ ohun tí mo ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, tí ẹni tó ń gbọ́ sì máa gbọ́. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ orin nìkan. Kò wá sọ́kàn mi rárá pé mo ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń bá àwọn èèyàn mi sọ.

Íapíìsì ni mo máa ń kì sétí, etí kan nìkan, kí n lè gbọ́ bàbá tó bá mira. Lọ́jọ́ kan, okùn rẹ̀ já. Ọwọ́ mi ti wọ iṣẹ́ náà, n kò lè dúró di ọ̀la, mo bá rọra jẹ́ kí orin náà jáde láti inú sípíkà kékeré tí a fi ń gbọ́ wáàsí nínú ààwẹ̀. Ìró kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ń tún ṣe, ìró tó kàn ń kùn láìdáwọ́ dúró. Ìyá Èsìẹ́ wà nílé lọ́jọ́ náà, ó mú gààrí wá fún wa láti Èsìẹ́, níbi tó ti padà sí láti ìgbà tí mo dé, ó sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Wo bàbá rẹ."

Bàbá ti jí. Ó ti yí orí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ sípíkà náà, ó sì gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń tẹ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé kí a rọra. Mo rò pé ariwo náà ń dà á láàmú, mo bá dín in kù. Ó mi orí. Ó tún tẹ ọwọ́ sísàlẹ̀. Ó wá yé mi pé kì í ṣe pé ó fẹ́ kó lọ sílẹ̀ létí. Ohùn náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kó rẹlẹ̀ sí i. Mo fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ó tún tẹ ọwọ́. Mo tún fà á. Nígbà tí ó débì kan, ó fi ọwọ́ dá mi dúró, ó di ojú, ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì lágbára sì rẹ́rìn-ín.

Gánmọ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní ibùdó ńlá tí iná mọ̀nàmọ́ná tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti ń pín sí ìlú káàkiri. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó máa ń sọ fún wa pé tìráńsífọ́mà ń sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á fi etí mọ̀ tí ara rẹ̀ bá le àti tí kò bá le. Ìró tí a fà wálẹ̀ yẹn ni ìró tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti jí lọ́sàn-án, ó máa ń nawọ́ sí sípíkà. N ó gbé e sí i, a ó sì jọ jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn tẹ̀ lé e. Mo fi ìlù díẹ̀ kún un, mo sì ń fi àwọn orin tí wọ́n máa ń kọ nígbà Móòlúùdù hun sí i, ó ń bá a lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí Ìyá Èsìẹ́ tún wá, tó ń ṣa ẹ̀wà, tí ìró náà ń lọ, bàbá la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì jáde. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́."

Ìyá Èsìẹ́ da ẹ̀wà nù. Ó sunkún, ó sì dojúbolẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀. Èmi pàápàá sunkún. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀ ni ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé mo ṣe ẹ̀rọ kan tó mú bàbá mi sọ̀rọ̀, pé ìdí tí mo fi ń jókòó ti láptọ́ọ̀pù láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ìyá Èsìẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, ó rò ó fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní àbúrò rẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sùn, kò sinmi, ó fi ọgbọ́n orí wo bàbá yín sàn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. N kò ṣe orin náà nítorí bàbá. Ìgbádùn ara mi ni mo ń ṣe, okùn íapíìsì kan ló já.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ òun ti fẹ́ gbé òun àti ìdílé òun lọ sí Kánádà láti máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka wọn tó wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti sọ fún wọn pé òun kò lọ mọ́. Ó ní òun kò lè máa sá lọ sí i nígbà tí àbúrò òun ti sọ ayé tirẹ̀ nù nítorí bàbá àwọn méjèèjì. Òun ń bọ̀ wálé láti gba ìtọ́jú bàbá lọ́wọ́ mi, kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ó ní, "O ti ṣe tìrẹ. Ó kàn mí báyìí."

Mo di fóònù mú. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi: Bọ̀dá mi, ẹ pè wọ́n padà, ẹ ní ẹ ó lọ. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ ọ́, á béèrè ìdí rẹ̀, ìdí náà á sì já sí pé irọ́ ni gbogbo ìyìn tí wọ́n ti fún mi láti ọdún kan. Mo ní kó kí ìyàwó rẹ̀ fún mi. Mo ní Ọlọ́run á fún un ní ohun tó dára jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìpè yẹn, orin kò dùn mọ́ mi létí. Mo ń ṣí i, mo ń tì í. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo bẹ aládùúgbò wa pé kó jókòó ti bàbá, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́. Ìyá Èsìẹ́ wà lóko lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń tu ẹ̀gẹ́. Mo bá a tu díẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí iṣẹ́ tí wọ́n ti dá mi dúró nínú rẹ̀ títí dé ọ̀rọ̀ Kánádà. Ó gbọ́ mi tán kó tó na ẹ̀yìn. Ìgbómìnà pọ́nbélé ló fi dá mi lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti dàgbà, àìsàn yìí sì lè padà dé nígbàkigbà. Ó ní tí ọmọkùnrin náà bá kọjá sókè òkun, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún fojú kan ara wọn. Ó ti ń gbàdúrà pé kó wálé, àdúrà náà ti gbà, èmi wá fẹ́ lọ bà á jẹ́. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, ó kéré tán títí tó fi máa dé.

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni bí ara mi ṣe fúyẹ́ nígbà tí mo ń padà lórí ọ̀kadà. Àgbà ti ní kí n dákẹ́, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀, bí ẹni pé òun ló máa ru ẹrù náà.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú mọ́tò Ìlọrin, pẹ̀lú àpótí ńlá kan. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn bàbá, bàbá sì fi ọwọ́ òsì kan orí rẹ̀, ó di orí náà mú títí. A fún bàbá lóúnjẹ, ó sùn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí fàráńdà. Mo gbé omi fún un. Ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun pẹ́ kí òun tó dé. Ìyẹn ni n kò lè gbà mọ́ra.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Wọ́n ti dá mi dúró kí wọ́n tó pè mí pé Bàbá ṣubú."

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Mo ní, "Ojú tì mí. Nígbà tó yá, wọ́n ń yìn mí."

Ó ní síbẹ̀ náà, mo ti jìyà níbí láti ọdún kan, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi dá mi láre. Bí mo bá fẹ́, mo lè dúró síbẹ̀.

Mo ní, "Mi ò jìyà. Inú mi ò dùn tó báyìí rí láyé mi. Orin ni mo ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sán. Nítorí ara mi ni mo ṣe ń ṣe é, kì í ṣe nítorí Bàbá."

Ó gbé ife omi náà kalẹ̀. "O gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo ti kọ iṣẹ́ yẹn."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́ ọ, o sì ń ṣàdúrà fún mi."

Ó dìde, ó bọ́ sí àgbàlá, ó pe iléeṣẹ́ rẹ̀. Láti ibi tí mo jókòó sí mo ń rí i tó ń rìn yí igi ọsàn po, ọwọ́ kan létí, ọwọ́ kejì lórí. Ìpè náà kò pẹ́. Nígbà tó padà, kò jókòó. Ó ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn. N kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni náà. Tó bá jẹ́ pé kó tó pè mí ni, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹnu mi ì bá ṣe. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn náà ni, nígbà tí mo ń tu ẹ̀gẹ́ l'Ésìẹ́ tí mo ń gba ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbọ́, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò béèrè nígbà yẹn, n kò sì tíì béèrè di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Òun náà kò sọ ọ́.

Ó dúró síbẹ̀, inú ń bí i, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ohùn kan wá láti inú yàrá iwájú. A kò mọ ìgbà tí bàbá ti jí, a kò sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wa. Kò sí ìró kankan nínú sípíkà lọ́jọ́ náà tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ó fa ọ̀rọ̀ náà yọ bí ẹni tó ń fa garawa tó kún jáde nínú kànga.

Ó ní, "Ẹ jókòó."

A wọlé, a jókòó, ẹ̀gbọ́n mi lápá kan ibùsùn, èmi lápá kejì. Bàbá wo òun, ó wo èmi. Kò tún rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. A wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì, ẹ̀gbọ́n mi sì dìde láti lọ bu omi tí yóò fi ṣe àlùwàlá fún bàbá. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí kẹ́tù wà. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ lẹ́yìn náà.

Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó lo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn lọ́dọ̀ wa kó tó padà s'Ékòó. Òun ló gbé bàbá lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn Ìlọrin. Wọ́n ní kí a máa lo àwọn orin tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí a máa fi kọ́ ọ lọ́rọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí bàbá mi lè béèrè omi, ó lè pe orúkọ gbogbo wa, ó lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ̀kọ. Ìyá Èsìẹ́ ti kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn lórí rédíò. Èmi rí iṣẹ́ ní Ìlọrin, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan tí a ti ń ṣe orin ìpolówó, mo sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún àwọn aládùúgbò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi ti pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Iléeṣẹ́ náà kò sì tún gbé irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ wá fún un. Nígbà Iléyá tó kọjá, gbogbo wọn wálé. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń gé ẹran. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí mi. Láàárín iṣẹ́, ó sọ fún mi pé òun ti kó àwọn aṣọ òtútù àwọn ọmọ fún ẹnì kan tó ń rìnrìn àjò. Mo béèrè pé aṣọ òtútù wo. Ó ní èyí tí àwọn rà nígbà ọ̀rọ̀ Kánádà, tí àwọn ọmọ máa ń wọ̀ yí ká ilé nínú ooru Èkó nígbà náà. Ó ní ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà yẹn, kò sì gbà wọ́n lára mọ́.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kò gbé ojú sókè kúrò lára ẹran. Ó ní, "Mi ò bínú sí ọ. Mo kàn ní kí o mọ̀ ni."

A gé ẹran náà tán. Mo gbé awo wọlé, mo fọ ọwọ́, mo lọ jókòó ti bàbá mi. Mo ti gbìyànjú púpọ̀ láti kórìíra ọdún yẹn, torí mo rò pé ìyẹn ni ìwọ̀nba ohun tó yẹ kí n ṣe fún wọn. N kò rí i ṣe. Mo ṣì ń rántí ọ̀sán náà, ilé tó dákẹ́, mímí bàbá mi lórí ibùsùn, àti bí ìró kan á ṣe ṣàdédé bọ́ sí àyè rẹ̀ tí ara mi á sì wárìrì. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọdún kan tí n ó tún lò lẹ́ẹ̀kejì nínú gbogbo èyí tí mo ti lò láyé, mo mọ̀ pé òmíràn ló yẹ kí n sọ pé mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni mo máa mú.